Ọta wo ló yẹ .35 Whelen fún elk ní Colorado?

ỌmọỌdẹ_GA
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ kú ilé ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọta ló gbé mi wá. Georgia ni mò ń gbé, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi ráífù .308 pa àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Lọ́dún tó kọjá ni bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa, tí ojú ò jẹ́ kí wọ́n lè ṣọdẹ mọ́, ta ráífù wọn fún mi, Remington 700 Classic, .35 Whelen. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, kátíríìjì .30-06 náà ni o, wọ́n kàn fẹ ọrùn ẹ̀ kó lè gba ọta tó tóbi, .358 ínǹṣì, ìyẹn bíi mílímítà 9. Láti àwọn ọdún 1920 làwọn èèyàn ti ń dì í fúnra wọn, ó wá di ìparí àwọn ọdún 1980 kí Remington tó sọ ọ́ di ọjà orí àtẹ.

Mo ti rí láíséǹsì elk, ẹbí àgbọ̀nrín tó tóbi gan-an, gbà ní Colorado, oṣù kọkànlá la ń lọ. Mi ò pa elk rí. Akọ ẹ̀ lè wúwo tó 700 pọ́n-ùn, ìyẹn lé ní kílò 300, kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbọ̀nrín ẹ̀yìnkùlé wa níbí. Ọta oríṣi mẹ́ta ló wà nílé: gíréènì 200 (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) olórí òjé tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù, 225 tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, àti 250 Nosler Partition tí bàbá yẹn fi ṣèènì fún mi. Èwo ni kí n gbé lọ? Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń sọ tiẹ̀, mi ò fẹ́ lọ ṣe ẹran ẹlẹ́ran léṣe kó wá lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.

Baba Túrùkú, Texas
Ọmọ mi, o kú oríire ìbọn. Ìbọn gidi ni.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí. 200 yẹn ń jáde ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 2675 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 250 ń jáde ní bíi 2400. Tó o bá ṣírò agbára wọn lẹ́nu ìbọn, ọgbọọgba ni wọ́n, bíi 3200 fútù-pọ́n-ùn, torí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà agbára dẹ́rù bà ẹ́. Inú ẹran ni wọ́n ti máa ń pínyà. Àwọn méjèèjì fẹ̀ bákan náà, àmọ́ 250 gùn jù, ìwúwo tó wà lẹ́yìn orí ẹ̀ ló ń tì í wọlé lọ. Àwọn òyìnbó ní ìṣirò fún un, ìwúwo ọta tí wọ́n fi ìbú ẹ̀ lọ́nà méjì pín: 250 jẹ́ .279, 200 jẹ́ .223. Lára àgbọ̀nrín o ò ní mọ̀ ọ́n lára. Lára elk tó yí èjìká sí ẹ, tó jẹ́ pé egungun apá ni ọta máa kọ́kọ́ bá pàdé, wàá mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kó o rí nǹkan kan. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo yin 250 Partition bíi tìẹ yẹn sí akọ ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan tó tó 300 pọ́n-ùn, bíi yáàdì 80. Ọta wọlé láti ẹ̀yìn ìhà ọ̀tún, ó gba àyà kọjá, ó fọ́ egungun èjìká òsì, ó wá dúró sábẹ́ awọ. Nígbà tí mò ń bó o, ọwọ́ mi bá kókó kan lábẹ́ awọ yẹn, mo fi ọ̀bẹ là á, ọta bọ́ sí mi látẹ́lẹwọ́. Iwájú ẹ̀ ti ṣí bí olú tó hù nídìí igi, òjé iwájú ti fọ́ lọ jù, ẹ̀yìn ẹ̀ wà bó ṣe wà látilé. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: 168 nínú 250. Bí wọ́n ṣe ṣe Partition nìyẹn, ògiri bàbà kan wà láàárín ẹ̀, iwájú á fọ́, á ba nǹkan jẹ́ nínú ẹran, ẹ̀yìn ò ní fọ́, òun lá máa tì í lọ.

Ibeere mi méjì: ó jìnnà tó báwo tí wàá ti yìn ín? Ìyí inú ọ̀pá ìbọn ẹ ńkọ́, ìyẹn iye ínǹṣì tí àwọn ilà inú ọ̀pá fi ń yí ọta po lẹ́ẹ̀kan, ṣé o mọ iye tó jẹ́?

Tísà_Houston
Baba, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká dá ẹ̀rù ba ọmọ yìí. Elk méjì ni mo ti fi 200 pa ní New Mexico, ọ̀kan ní yáàdì 150, ìkejì ní 210, àwọn méjèèjì dúró gbé ìhà sí mi, èyí tó rìn jù ò rìn tó 60 yáàdì. 200 ń sáré, kì í tètè rẹlẹ̀ bí 250, ó sì rọ èèyàn lọ́rùn léjìká. Ẹni tí ìbọn ẹ̀ ń ta á nípàá tó wá ń dijú nígbà tó ń tẹ tírígà, ọta tó dáa jù láyé ò lè gbà á. Ibi tí ọta bà ló ń pa ẹran, kì í ṣe páálí tí wọ́n fi dì í.

Ìyá Ìbejì_Idaho
Tísà, òótọ́ lẹ sọ nípa ẹran tó gbé ìhà dúró. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹran ló ń gbé ìhà dúró dè wá.

Mi ò kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ń dùn mí títí dòní. Elk kejì tí mo yìn láyé mi, nínú igbó páìnì ni, kò ju yáàdì 40 lọ, ó dà bíi pé ó fẹ́ kọjú sí mi ó fẹ́ kọ̀yìn sí mi, èjìká ló wà níwájú. Ọta tó ń sáré gan-an ni mo ní nínú ìbọn, .300 Magnum, ọta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún àgbọ̀nrín ọ̀nà jíjìn. Ìbọn dún, elk ṣubú, mo ní mo ti pa á. Kó tó di pé mo ń sún mọ́ ọn ó dìde, ó lọ. A tọ ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a padà wá láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti tán. Ọjọ́ kẹta làwọn ẹyẹ ìwò júwe ibẹ̀ fún wa, béárì sì ti débẹ̀ kó tó kàn wá. Nígbà tí mo yẹ èjìká yẹn wò, ọta ti fọ́ sára egungun bí ẹyin tó já mọ́ ilẹ̀, ẹran èjìká di jẹ̀lẹ́ńkẹ́, kò sí ohunkóhun tó wọ àyà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo jókòó nínú igbó yẹn tí mò ń sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń di kátíríìjì mi fúnra mi tí mo sì ń bi ara mi pé tí ẹran yìí bá dúró síbi tó burú jù ńkọ́? Ọta ìgbà tó burú jù yẹn ni mò ń dì. ỌmọỌdẹ, gbé 250 yẹn lọ.

ỌmọỌdẹ_GA
Ẹ ṣé gan-an mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Baba, mi ò rò pé mo máa yìn ju yáàdì 250 lọ, ọ̀rẹ́ wa tó máa mú mi rìn ní igbó yẹn dí. Ti ìyí ọ̀pá ìbọn yẹn, ẹ jọ̀ọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Kò sí ìwé ìbọn yẹn lọ́wọ́ mi.

Àdìgún_Denver
Èmi ni ọ̀rẹ́ tó ń sọ yẹn o. Àbúrò, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Yọ bóólìtì ìbọn, irin tó ń ti ẹ̀yìn ọ̀pá, kúrò, rí i dájú pé òfìfo ni. Mú irin tí a fi ń nu ìbọn, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ lè yí fúnra ẹ̀, fi aṣọ tó há díẹ̀ sí i lórí, tì í bọ inú ọ̀pá ìbọn díẹ̀. Fi máákà fa ilà sára irin náà lókè, kó o tún sàmì síbi tó ti wọ ẹnu ìbọn. Wá máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, irin á máa yí, tí ilà yẹn bá ti yí padà sókè ní ẹ̀ẹ̀kan péré, dúró, fi rúlà wọn bó ṣe wọlé tó. Iye ínǹṣì yẹn ni ìyí ìbọn ẹ. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdí tí Baba fi bi ẹ́ ni pé Remington ìgbà yẹn, ìyí 16 ni wọ́n máa ń gbé fún Whelen, ó lọ́ra. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, torí náà ọta bàbà tó bá wúwo bákan náà pẹ̀lú ti òjé gbọ́dọ̀ gùn jù ú lọ, ọta tó bá sì gùn ń fẹ́ ìyí tó yára kó tó lè dúró ṣánṣán lójú afẹ́fẹ́. Tèmi jẹ́ ìyí 12, bàbà 225 yẹn ń bára wọn mu nínú ẹ̀ bí ọmọ ìyá. Tìẹ, mi ò fọkàn sí i. Yìn ín kó o tó gbà gbọ́.

Òfin tibí ò ní dí ẹ lọ́wọ́ lórí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún elk, kí ọta fẹ̀ tó .24 ínǹṣì ó kéré tán, gíréènì 85 ó kéré tán, 1000 fútù-pọ́n-ùn ní yáàdì 100, ọta sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ṣí. Ọta sójà tí bàbà bò lórí pátá, má gbé e wá rárá. Tó bá jẹ́ 1949 tàbí lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bí ẹ, mú káàdì ẹ̀kọ́ ọdẹ ẹ dání. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn náà, ínǹṣì 500 níbùú-lóròó, má gbàgbé fìlà. Kó o sì máa gun àtẹ̀gùn láti ìsinsìnyí o, ibi tí à ń lọ ga ju 9000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ẹni tí èémí ẹ̀ ò bá balẹ̀ ò lè yìnbọn.

Bọ̀dá_Aberdeen
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Scotland, ó ń wú mi lórí. Kátíríìjì 9.3x62 ni tèmi, èyí tí Otto Bock ṣe ní Berlin ní 1905 torí àwọn àgbẹ̀ Jámánì tó wà ní Áfíríkà nígbà náà, káwọn náà lè fi ráífù Mauser lásán kojú ẹran ńlá. Àbúrò .35 Whelen ni mo máa ń pè é, àmọ́ òun gan-an ló dàgbà jù. Níbí òfin ti dá wa lẹ́jọ́ lórí ìyára: fún àgbọ̀nrín ńlá, ọta gbọ́dọ̀ jáde ní 2450 ó kéré tán. Ọta gíréènì 286 tó gbajúmọ̀ jù fún ìbọn mi ń jáde ní bíi 2360, kò yẹ lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pa ẹfọ̀n. Mo ní láti sọ̀kalẹ̀ sí 232 tàbí 250 tó yára. Tí ẹ bá gbé 250 ti Whelen yín wá sí Scotland ní 2400, ẹjọ́ nìyẹn. Torí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nílùú mìíràn wo òfin ibẹ̀ kó tó ra ọta.

Ọláìtán_Fresno
Ní California tiwa, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2019 ni wọ́n ti fòfin de òjé fún ọdẹ pátápátá, torí ẹyẹ igún ńlá tí wọ́n ń pè ní condor, tó ń jẹ ìfun ẹran tí ọdẹ bá fi sílẹ̀ nínú igbó, òjé á wá pa á. Torí náà Partition ò sí fún mi. Ìbọn .35 Whelen ni tèmi náà, ìyí 16, ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ sí bàbà tó kúrú, 180 àti 200. Àwọn yẹn ń dúró ṣánṣán. Torí bàbà kì í fọ́, 200 tó bá wọlé ní 200 lá ṣe jáde ní nǹkan bí 200, ìwúwo tí ẹ̀ ń wá nínú 250 òjé, díẹ̀ nínú ẹ̀ ló máa ń fọ́ nù lọ́nà. Ẹ má kàn gbé bàbà sọnù torí pé 225 gùn jù.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fún ọmọ kékeré lẹ́ran ìgbẹ́, ẹ rántí pé òjé tó fọ́ máa ń tàn ká jìnnà síbi ojú ọgbẹ́, ó kéré débi pé eyín ò ní mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì_Idaho
Bẹ́ẹ̀ ni o Ọláìtán. Torí àwọn ọmọ ni mo ṣe ń fi bàbà pa àgbọ̀nrín tá a ń jẹ nílé. Fún elk nínú igbó dídí mo ṣì máa ń lo Partition tàbí Swift A-Frame, A-Frame ní ògiri bíi Partition, wọ́n tún wá lẹ òjé iwájú mọ́ bàbà kó má baà fọ́ lọ. Ó wọ́n. Tí mo bá wá fi òjé pa ẹran, mo máa ń gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù tó fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì kì í wọ ìkòkò mi.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ fi kún un. Bàbà ń fẹ́ ìyára kó tó ṣí. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀ ju 2000 lọ, mi ò kì í fọkàn tán an. Whelen kì í sáré púpọ̀, ẹ wo ìwé ìṣirò yín kẹ́ ẹ mọ ibi tí ìyára yẹn ti ń tán.

Tísà_Houston
Ìyá Ìbejì, mo ka ìtàn yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa bínú tó bá dà bíi pé mo fojú kéré ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣì dúró lórí pé 200 ń pa elk, àmọ́ ó yẹ kí n fi kún un pé mo ti jẹ́ kí akọ ńlá kan lọ ní ọdún kan torí pé kò fún mi ní ìhà. Ẹni tó bá mú 200 dání gbọ́dọ̀ lè ní sùúrù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lọ fún ọjọ́ márùn-ún péré láti Georgia lè má ní in.

Àti ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ka èyí: ọta ìbọn kékeré .357 máa ń wọ Whelen, àwọn kan ń dì í láti fi ṣeré lójú páálí. Ẹ má fi yin ẹran. Wọn ò ṣe é fún irú ìyára bẹ́ẹ̀, ara awọ ló máa fọ́ sí.

Ọmọ Olúọ́dẹ_Ìgbòho
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú iṣẹ́ Ògún. Èmi ò ní ráífù o, ráífù kì í ṣe ohun tí irú wa ń rà nílé níbí, ṣakabùlà bàbá mi àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan ni mò ń lò, inú igbó ìlú wa ni mò ń dẹ, ọgbà ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé a kì í wọ̀ ọ́. Àmọ́ mo rí i pé ohun kan náà là ń sọ. Ọta wẹ́wẹ́ fún òyà àti ẹyẹ, ọta ńláńlá fún ìgalà àti túrùkú. Bàbá mi kì í jẹ́ kí n yin ọta wẹ́wẹ́ sí túrùkú, bó ti wù kó sún mọ́ mi tó, wọ́n ní ìyà lo fi ń jẹ ẹ́, o ò pa á.

Ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ ni ẹ̀jẹ̀. Àbúrò tó ń lọ yìí, tó o bá yìnbọn tán, má sáré. Lọ síbi tí ẹran dúró sí nígbà tí ìbọn dún, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá pupa fòò tó ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni, kò lọ jìnnà. Tó bá dúdú, ẹ̀dọ̀ ni, jókòó, jẹ́ kó dùbúlẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí koríko jíjẹ bá wà nínú ẹ̀ tó ń rùn, ìfun ni, ẹ máa dúró pẹ́ gan-an, tẹ́ ẹ bá lé e nígbà náà ó máa rìn dé ìlú kejì. Fi ewé sàmì sí gbogbo ibi tó o ti rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yin, kó o lè bojú wẹ̀yìn wo ibi tó dorí kọ.

Baba Túrùkú, Texas
Ọmọ Olúọ́dẹ, Ògún á gbè ọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa tó wà níbí ka ohun tó o kọ yìí.

ỌmọỌdẹ_GA
Mo ti dé láti pápá ìyìnbọn. Mo kọ́kọ́ fi irin wọn ọ̀pá ìbọn bí ẹ̀gbọ́n Àdìgún ṣe wí, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ínǹṣì 16 gééré. Mo wá yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní yáàdì 100, márùn-ún márùn-ún, mo ń jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn tutù láàárín.

200: ínǹṣì kan ààbọ̀. 250 Partition: ínǹṣì kan àti díẹ̀, mẹ́ta nínú ẹ̀ fẹnu kò. Bàbà 225: ó lé ní ínǹṣì mẹ́rin. Nígbà tí mo lọ yọ páálí wálé, mo rí i pé méjì nínú àwọn ihò bàbà yẹn ò rí roboto, wọ́n gùn díẹ̀ bíi kóró ẹ̀wà, ẹ̀gbẹ́ kan ya. Ọta ti ń ṣe jẹ́gẹjẹ̀gẹ lójú afẹ́fẹ́. Ká ní mi ò bi yín ni, bàbà yẹn ni ǹ bá gbé lọ, torí òun ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rò pé ohun tó wọ́n ló dáa.

250 ni mò ń gbé lọ. Mo ti gbé ojú ìbọn sí yáàdì 200, ní 300 ó ń wálẹ̀ tó bíi ínǹṣì 10 sí 11, mo ti pinnu pé mi ò ní yìn ju 250 yáàdì lọ. Ó ń ta lóòótọ́, Tísà, mo ń yin .22 láàárín kí n má baà kọ́ ìdijú.

Àdìgún_Denver
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé ti ń retí ẹ.

ỌmọỌdẹ_GA
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti padà. Ọjọ́ kẹrin ni.

Yìnyín ti bọ́ lóru, a gòkè kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n Àdìgún rí ipa ẹsẹ̀ tútù tó gba ẹ̀gbẹ́ àfonífojì kan kọjá. Nígbà tó yá akọ kan jáde láàárín igi, ìwo ẹ̀ ní ẹ̀ka mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n wọn ọ̀nà ẹ̀: yáàdì 140. Kò gbé ìhà sí mi o. Ó kọ iwájú sí wa díẹ̀, bíi ti Ìyá Ìbejì gan-an, èjìká ló wà lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yín ló wá sí mi lọ́kàn mà. Mo gbé ìbọn lé igi, mo mí síta, mo wo ibi tí apá ti lẹ̀ mọ́ àyà, mo tẹ̀ ẹ́.

Ó fò sókè, ó sáré bíi ìṣísẹ̀ ogún, ó dúró, ó jókòó. Mo fẹ́ máa lọ, ẹ̀gbọ́n di aṣọ mi mú. A dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí yìnyín yẹn pupa fòò, ó ń hó bí ọṣẹ, bí wọ́n ṣe wí láti Ìgbòho.

Ọmọ Olúọ́dẹ_Ìgbòho
Ògún ṣeun! Àbúrò, o kú ewu ọ̀nà. Ọta náà ńkọ́, ṣé o rí i yọ?

ỌmọỌdẹ_GA
Mi ò rí i, ẹ̀gbọ́n. Ó fọ́ egungun apá, ó gba ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ó jáde lẹ́yìn ìhà kejì, ihò tó gbà jáde fẹ̀ tó owó kọ́bọ̀ ńlá àtijọ́. Ó ti wọ ilẹ̀ Colorado lọ. Ẹran tí a gé dànù léjìká ò kún abọ́ kan.

Àpótí bàbà 225 yẹn, ọta 38 ló kù nínú ẹ̀, mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n Àdìgún, ìyí 12 tiwọn mọ̀ ọ́n lò. Baba Túrùkú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan wà nínú fírísà fún yín, ìyàwó mi ní kí n bi yín bóyá kí àwọn yan án ni àbí kí àwọn sè é sínú ẹ̀fọ́ rírò kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ mi nígbà ọdún Kérésìmesì.

Baba Túrùkú, Texas
Kí ó yan án. Ata kó pọ̀.